Jákẹ́ẹ̀tì awọ àgùntàn ìgbà ogun tí wọ́n kọ “ADE” sábẹ́ kọ́là rẹ̀: ṣé kí n rà á?

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Leeds ni mo wà. Ní Sátidé tó kọjá, ní ọjà ohun àtijọ́ kan, mo rí jákẹ́ẹ̀tì Irvin, irú èyí tí àwọn ará RAF, ìyẹn ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹni tó ń tà á ní ọdún 1940 ni wọ́n rán an. Wọ́n ti pààrọ̀ síìpù iwájú rẹ̀, ẹnì kan ti rán àpò méjì mọ́ ọn, léébẹ́lì ọrùn rẹ̀ sì ti já lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé kọ́là rẹ̀ sókè, ẹ ó rí i pé wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ ADE síbẹ̀. ADE, ẹ̀gbọ́n! Ọkùnrin náà ní ti ọmọ Nàìjíríà kan tó wà nínú RAF ni, £1,400 ló sì ń pè é. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti sùn dáadáa. Ṣé kí n rà á? Bí mo bá rà á, ṣé kí n tú àwọn àpò yẹn dànù, kí n wá ògbólógbòó síìpù fi sí i? Ṣé mo sì lè máa wọ̀ ọ́ jáde?

* * *

Àbúrò, má tíì sanwó.

Mo mọ bó ṣe ń ṣe ọ́. Èmi náà ti dúró níwájú irú jákẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ rí, tí àyà mi ń lù kìkì, tí mò ń rò ó pé bí mo bá lọ sùn lé e lórí, ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ tí ẹlòmíràn á ti gbé e lọ. Ìwàdùwàdù yẹn gan-an ni àwọn kan ń rí jẹ lára wa.

Jẹ́ ká ya awọ sọ́tọ̀, ká ya ìtàn sọ́tọ̀. Awọ ni ọwọ́ rẹ lè kàn. Ìtàn ni ọkùnrin yẹn ń dá owó lé. Síìpù tí wọ́n pààrọ̀, àpò àránmọ́, léébẹ́lì tó já, gbogbo ìwọ̀nyí ló máa ń fa owó irú ọjà yìí wálẹ̀. Ká ní kò sí lẹ́tà mẹ́ta yẹn, kò ní pè é tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà lẹ́tà mẹ́ta ló ń tà fún ọ.

Lójú èmi àti ìwọ, Adé ni. Ṣùgbọ́n ronú sí ọ̀dọ́mọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan ní 1942 tí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn gbé jákẹ́ẹ̀tì òun nínú yàrá tí gbogbo wọn ń fi aṣọ kọ́ sí. Kí ló máa kọ? Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ ni. A fún Arthur, D fún Douglas, E fún Evans tàbí Edwards tàbí Ellis. Orúkọ mẹ́ta, lẹ́tà mẹ́ta. Kò sí adé níbẹ̀.

Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo ní kí o tó san £1,400, kí o mọ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀.

* * *

Ẹnì kan kọ ọ́ sábẹ́ èyí pé kí ni wọ́n ń pè ní Irvin gan-an. Ó dáa bó ṣe béèrè, nítorí ọ̀pọ̀ wa kàn ń pe orúkọ náà lásán ni.

Orúkọ ènìyàn ni. Leslie Irvin, ọmọ California, bẹ́ jáde láti inú ọkọ̀ òfurufú ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1919, ní McCook Field nílùú Dayton ní Ohio. Ó já bọ́ sínú òfurufú gbayawu, lẹ́yìn náà ló tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa okùn tó ṣí paráṣúùtì rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló dá ilé-iṣẹ́ paráṣúùtì sílẹ̀, ó sì ṣí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Letchworth, ní Hertfordshire, ní 1926. Ẹnikẹ́ni tí paráṣúùtì rẹ̀ bá yọ lọ́wọ́ ikú, á gba píìnì wúrà kékeré kan tó rí bíi kòkòrò tó ń hun sílíìkì, nítorí sílíìkì ni wọ́n fi ń ṣe paráṣúùtì láyé ọjọ́un.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930 ni jákẹ́ẹ̀tì náà dé. Òtútù ló bí i. Bí ọkọ̀ òfurufú bá gòkè tó ẹsẹ̀ bàtà 20,000, òtútù á ti tó -25 °C tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọkọ̀ ìgbà náà kò sì ní ohun ìmóoru tó tó nǹkan. Awọ àgùntàn odindi ni wọ́n fi rán an: irun wà nínú, awọ wà lóde, kò sí aṣọ kankan láàárín. Irun yẹn á há atẹ́gùn mọ́ra, atẹ́gùn tó há sì ni kì í jẹ́ kí ooru ara sá lọ. Àgùntàn tiwa nílé kò ní irú irun yẹn, ìyẹn ló fi ń ya ẹni tó bá kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ọwọ́ rẹ á wọlé dé ọrùn ọwọ́, wàá sì rò pé ẹran náà ṣì wà láàyè.

Síìpù wà níwájú, òmíràn wà lápá kọ̀ọ̀kan kí ìbọ̀wọ́ ńlá lè wọ abẹ́ rẹ̀, bẹ́líìtì wà ní ìbàdí. Kò ní àpò. Kí ẹni tó bá ń rà á fi ìyẹn sọ́kàn: Irvin tó jáde fún RAF nígbà ogun kò ní àpò kankan lóde.

* * *

Èsì ti pọ̀ jọjọ. Mo ka gbogbo rẹ̀. Ohun mẹ́rin ni ẹ ń sọ: pé èyí tí kò ní léébẹ́lì kò níyì, pé síìpù tí wọ́n pààrọ̀ ti bà á jẹ́, pé kó tú àpò yẹn kúrò lọ́gán, pé kó ra tọ́ọ̀ṣì UV, òun ni yóò parí gbogbo ìjà.

Mi ò gbà pẹ̀lú ẹyọ kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ẹ ṣe gbé e kalẹ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí léébẹ́lì. Léébẹ́lì tòótọ́ a máa gbé àmì Air Ministry, ilé-iṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òfurufú, ìyẹn lẹ́tà A àti M pẹ̀lú adé ọba lórí wọn, àti nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 22C, tí í ṣe ti aṣọ àwọn tó ń fò. Ó dáa láti rí i. Ṣùgbọ́n aṣọ pélébé tí òógùn ọrùn ń bọ́ sí lórí fún ọgọ́rin ọdún, kí ni kò ní já a? Léébẹ́lì tuntun tí wọ́n ṣe bíi ti àtijọ́ sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó táṣẹ́rẹ́ ni. Bí mo bá rí jákẹ́ẹ̀tì tó ti gbó dé ìgbọ̀nwọ́, tí léébẹ́lì rẹ̀ wá ń dán bíi owó tuntun, ojú ibẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ tẹjú mọ́. Jẹ́ kí n wo òwú tí wọ́n fi rán léébẹ́lì mọ́ awọ. Ṣé òun àti òwú yòókù jọ dàgbà pọ̀? Ṣé awọ abẹ́ léébẹ́lì náà mọ́ ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, bó ṣe yẹ kó mọ́ bí nǹkan bá ti bò ó láti ìbẹ̀rẹ̀?

Èyí tí léébẹ́lì rẹ̀ já ń sọ òtítọ́ nípa ọjọ́ orí rẹ̀. Èyí tí wọ́n lẹ léébẹ́lì ẹlẹ́yà mọ́ ń purọ́. Èwo nínú méjèèjì ni ẹ fẹ́ gbé sílé?

Tọ́ọ̀ṣì UV, irú èyí tí wọ́n fi ń yẹ owó bébà wò ní ṣọ́ọ̀bù, wúlò, mo ní ọ̀kan. Òwú ìgbà ogun kì í sábà tàn lábẹ́ rẹ̀. Òwú oníke ti òde òní sábà máa ń tàn yòò. Ṣùgbọ́n ọṣẹ ìfọṣọ òde òní náà ń tàn. Bí ẹnì kan bá ti fi ọṣẹ nu awọ yẹn rí, jákẹ́ẹ̀tì tòótọ́ á tàn bí ayédèrú. Ẹni tó bá sì mọ iṣẹ́ irọ́ rẹ̀ dáadáa á fi òwú gidi rán tirẹ̀, kò ní tàn rárá. Tọ́ọ̀ṣì á sọ̀rọ̀, kì í ṣe òun ni adájọ́.

Ohun tí mo gbẹ́kẹ̀ lé ju gbogbo rẹ̀ lọ ni bí wọ́n ṣe gé awọ náà. Àwọn tó jáde ṣáájú ogun àti ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, awọ fẹ̀ lára wọn, ojú ìrán kò pọ̀. Nígbà tó yá, awọ ńlá wọ́n, wọ́n wá ń so awọ kéékèèké pọ̀ ṣe ẹ̀yìn àti apá. Bí ẹni tó ń ta tìrẹ bá ní ti 1940 ni, tí ẹ̀yìn rẹ̀ wá rí bí ilẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín, awọ yẹn ti jẹ́rìí ta kò ó. Yóò ṣì jẹ́ ti ìgbà ogun o. Kò kàn ní jẹ́ ti ọdún tó ń pè yẹn.

* * *

Ọ̀rọ̀ síìpù àti àpò yìí ti fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Bàbá kan láti Manchester kọ ọ́ pé, “Ohun tí kò sí lára rẹ̀ nígbà tó jáde nílé-iṣẹ́ kò gbọdọ̀ wà lára rẹ̀.” Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá. Wọ́n ti ń kó nǹkan wọ̀nyí jọ kí n tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú sà, mi ò lè gbà.

Nígbà tí ogun parí, wọ́n ta àwọn jákẹ́ẹ̀tì tó ṣẹ́kù fún aráàlú. Àwọn tó ń gun alùpùpù rà wọ́n, àwọn àgbẹ̀ rà wọ́n. Ẹni tó ń gun alùpùpù nínú òjò nílò ibi tí yóò fi kọ́kọ́rọ́ sí. Ó gbé e lọ fún aránbàtà, wọ́n rán àpò mọ́ ọn. Eyín síìpù kán nítorí ojoojúmọ́ ló ń fà á. Ó ra òmíràn. Bí ẹ bá rí YKK lára síìpù iwájú, ẹ mọ̀ pé ẹ̀yìn ogun ló débẹ̀, nítorí ilé-iṣẹ́ Japan ni YKK, kò sí bí yóò ṣe rán síìpù sí Letchworth nígbà tí wọ́n ń bá Japan jà. Irú AERO tàbí DOT, orúkọ síìpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni à ń wá. Ṣùgbọ́n YKK yẹn kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń sọ pé wọ́n wọ aṣọ yìí títí síìpù fi kú lára rẹ̀.

Ẹ wò ó náà, ọ̀rọ̀ ọwọ́ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ ti gba inú awọ kọjá, ihò ni. Ihò inú aṣọ a máa pa dé. Ihò inú awọ kì í pa dé láé. Bí o bá tú àpò kúrò, ọ̀wọ́ ihò á wà níbẹ̀ bíi ti etí sítáǹbù, lọ́jọ́ tí nǹkan bá fa awọ yẹn, ibẹ̀ gan-an ni yóò ti ya. Etí síìpù ló tún burú jù, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rán an, tí wọ́n tún ti rán an lẹ́ẹ̀kejì. Ìwọ fẹ́ rán an lẹ́ẹ̀kẹta. Mo ti rí i tí gbogbo iwájú jákẹ́ẹ̀tì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń “dá a padà sí bó ṣe wà.” Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Bí ẹ bá fẹ́ èyí tí kò lápò, ẹ ra èyí tí kò lápò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi abẹ́ ṣe é.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwọn tó ń rán Irvin tuntun lónìí mọṣẹ́ gan-an. Mo ti wọ tiwọn, ó dára, ó móoru. Wọ́n lè rán aṣọ àgbà. Àkísà àgbà, ìyẹn àpò aránbàtà yẹn, ni wọn ò lè rán. Ẹ wá fẹ́ kó tú u dànù?

* * *

Kúkurú fún ẹni tó kọ̀wé láti Houston, tó béèrè bóyá Amẹ́ríkà náà ní irú jákẹ́ẹ̀tì yìí:

Bẹ́ẹ̀ ni, ti Amẹ́ríkà náà wà, B-3 ni orúkọ rẹ̀, láti 1934. Kì í ṣe A-2 o. A-2 kì í ṣe awọ àgùntàn, awọ ẹṣin ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú wọn, kò sì nírun nínú. Ẹni tó bá ń ta A-2 fún yín ní orúkọ B-3, ó lè jẹ́ pé kò mọ̀, ó lè jẹ́ pé ó mọ̀.

B-3 ní okùn awọ méjì níbi kọ́là. Léébẹ́lì rẹ̀ tún lawọ́ ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ: irú jákẹ́ẹ̀tì, orúkọ ilé-iṣẹ́ tó rán an, àti nọ́ńbà àṣẹ ìjọba. Nígbà ogun, nọ́ńbà àṣẹ yẹn sábà máa ń fi ọdún bẹ̀rẹ̀, bíi 42 fún 1942. D-1 fúyẹ́ jù ú, àwọn mẹkáníìkì ló wà fún. AN-J-4 dé ní 1943. Ọdún yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi jákẹ́ẹ̀tì aṣọ bíi B-10 rọ́pò awọ.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni kí ẹ wò. Wọ́n kun ojú awọ B-3 ní ọ̀dà kí omi má bàa wọlé. Ọ̀dà yẹn máa ń sán bíi ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ tẹ èjìká rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bó bá dún bíi bébà, ẹ fi sílẹ̀.

* * *

Mo fẹ́ padà sórí ADE, nítorí òun ni kò jẹ́ kí èmi náà sùn lánàá.

Àwọn kan nínú yín ti kọ ọ́ pé ti Adeniyi Thomas ni. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká rọra. Ọmọ Èkó ni Emanuel Peter John Adeniyi Thomas. Òun ni ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tó di awakọ̀ òfurufú nínú RAF, wọ́n sì fi jẹ ọ̀gá níbẹ̀. Stella Thomas, obìnrin àkọ́kọ́ tó di adájọ́ májísíréètì ní Nàìjíríà, ní 1943, arábìnrin rẹ̀ ni. Nínú jàǹbá ọkọ̀ òfurufú ló ti kú, ní oṣù kìíní 1945, nígbà tí ogun kù díẹ̀ kó parí. Ọmọ ènìyàn gidi ni. Lára ohun ìlò ológun, orúkọ ìdílé àti nọ́ńbà iṣẹ́ ni à ń retí. Thomas ni ì bá wà níbẹ̀.

Akin Shenbanjo náà ń bẹ. 76 Squadron, ìyẹn ẹgbẹ́ kan nínú RAF, ló wà, inú ọkọ̀ ajubọ́ǹbù Halifax ló sì ti ń jà. Nítorí tirẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ “Achtung! The Black Prince” (“Ẹ ṣọ́ra! Ọmọ-ọba Dúdú”) sára ọkọ̀ wọn. Bí mo bá ń ronú nípa rẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn lóru, lórí ilẹ̀ Jámánì, nínú òtútù tí ìyá rẹ̀ nílé kò lè fojú inú wò, ara mi a máa bù máṣọ. Mo fẹ́ kí jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà níbì kan. Mo fẹ́ rí i. Ìfẹ́ yẹn ni ẹni tó ń ta ọjà rí lójú wa.

Mo ti ṣubú síbẹ̀ rí. Ní bí ọdún méjìlá sẹ́yìn, mo ra Irvin kan tí wọ́n kọ orúkọ ìdílé kan àti nọ́ńbà sí. Ẹni tó tà á fún mi ní ọkùnrin náà kú sínú ọkọ̀ ajubọ́ǹbù, ó dárúkọ squadron, ó dárúkọ oṣù. Mo sanwó lé e gidigidi. Lẹ́yìn náà mo lọ sí ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Kew. Ìwé iṣẹ́ ojoojúmọ́ àwọn squadron wà níbẹ̀, AIR 27 ni wọ́n ń pè é, orúkọ àwọn tó fò lálẹ́ kọ̀ọ̀kan sì wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kà á. Orúkọ yẹn kò sí níbẹ̀. Mo wá orúkọ náà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ibojì ológun Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì: ọkùnrin kan ń jẹ́ ẹ ní tòótọ́, ó sì kú ní tòótọ́, ṣùgbọ́n nọ́ńbà rẹ̀ yàtọ̀, ibi tó ti ṣiṣẹ́ yàtọ̀. Ẹnì kan ló jókòó, tó wá orúkọ òkú kan, tó kọ ọ́ sára awọ.

Mo padà lọ bá ẹni tó tà á. Kò dá owó mi padà. Owó náà dùn mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló dùn mí jù. Ní Runnymede, létí odò Thames, orúkọ tó lé ní 20,000 ló wà lára ògiri, àwọn ará òfurufú tí wọn kò ní ibojì. Orúkọ yẹn ni gbogbo ohun tó kù fún àwọn ẹbí wọn. Bí ọmọ àbúrò irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá rí jákẹ́ẹ̀tì yẹn lọ́wọ́ mi, tó dì í mọ́ra, tó sunkún sí i lára, kí ni mo fẹ́ sọ fún un?

Mo ta jákẹ́ẹ̀tì náà nígbà tó yá. Mo kọ ọ́ sínú ìwé tí mo fi sí i pé awọ rẹ̀ jẹ́ ti ìgbà ogun, pé orúkọ ara rẹ̀ kì í ṣe òtítọ́. Mo pàdánù ju ìdajì owó mi.

Àbúrò, bi ọkùnrin náà léèrè, fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í: báwo lo ṣe mọ̀? Fọ́tò wà? Ìwé tí ẹni náà ń kọ ìrìn òfurufú rẹ̀ sí wà? Lọ́wọ́ ta lo ti rà á? Kó o wá fi tọ́ọ̀ṣì wo ọ̀dà yẹn láti ẹ̀gbẹ́. Awọ abẹ́ kọ́là a máa sán bó bá ti pẹ́. Bí ọ̀dà náà bá ti wà níbẹ̀ láti 1942, òun àti awọ ni wọ́n jọ sán: ojú sísán á la lẹ́tà náà kọjá, ọ̀dà á fọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀dà bá ṣàn wọ inú ojú sísán, tó kún un bí omi ṣe ń kún poro, a jẹ́ pé awọ ti sán tán kí ẹni náà tó gbé búrọ́ọ̀ṣì.

* * *

Ní ti wíwọ̀: wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n má wọ̀ ọ́ nínú òjò, má fi wa ọkọ̀ tí bẹ́líìtì ààbò á máa họ ọ́ lára. Bàbá Manchester ní kí ẹnikẹ́ni má wọ èyíkéyìí mọ́. Mo gbọ́ wọn lórí èyí tó ti ń já. Èyí tó ṣì lágbára kò kú bí o bá wọ̀ ọ́ fún wákàtí kan ní oṣù kìíní.

Àwọn tó ní àwọn fẹ́ gbé tiwọn lọ sílé ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Mo gbé ọ̀kan lọ sí Ìbàdàn lọ́dún kan, mo fi í kọ́ sínú yàrá tí a máa ń tì pa. Òjò kan péré ló rọ̀ kọjá lórí rẹ̀. Nígbà tí mo padà, awọ náà ti bu, funfun báláú láti èjìká dé ẹ̀yìn. Àǹtí mi kan tó fẹ́ràn mi fi òrí pa á láti bá mi tún un ṣe. Ó rọ̀ lóòótọ́, ó sì dán fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Lẹ́yìn náà òrí wọ inú awọ dé ìdí irun, irun lẹ̀ pọ̀, eruku kó sí i, awọ ṣókùnkùn, òwú ojú ìrán bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Kò sí ohun tí a lè fi fa òrí jáde nínú awọ. Ohun kan náà ni mo ń sọ fún àwọn tó ń fi òróró ẹṣin àti ọ̀rá bàtà pa tiwọn níhìn-ín. Inú awọ yìí kò ṣófo, irun wà nídìí rẹ̀; ohun tí o bá fún awọ mu, irun á mu níbẹ̀.

Bó bá bu, gbé e sí ibòji tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, má gbé e sóòrùn. Bo imú, fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a kúrò ní gbígbẹ. Má dì í sínú ọ̀rá fún ìgbà pípẹ́. Hángà tó nípọn ni kó o fi kọ́ ọ, kì í ṣe ti wáyà, nítorí ó wúwo, wáyà á sì gún èjìká rẹ̀. Bí síìpù apá bá ti há, fi àbẹ́là gbígbẹ ra á lára, fà á díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Mo ti fi ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣí síìpù apá kan.

* * *

Ẹni tó béèrè padà wá

Ẹ̀gbọ́n, mo ti padà lọ. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wo ọ̀dà náà láti ẹ̀gbẹ́. Ó ṣàn wọ inú ojú sísán, ní lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo bi í bó ṣe mọ̀ pé ti ọmọ Nàìjíríà ni. Ó dákẹ́, lẹ́yìn náà ó ní bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó tà á fún òun ṣe sọ, pé òun náà kò rí ìwé kankan. Síìpù apá méjèèjì jẹ́ AERO. Òwú kò tàn, àfi ti àpò. Ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ awọ kéékèèké púpọ̀. Ó ti já a sí £550. Inú mi bàjẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mo ti sọ fún bàbá mi nílé pé mo rí jákẹ́ẹ̀tì Adé.

* * *

Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Pe bàbá, kó o sọ bó ṣe rí fún wọn lónìí, kí wọ́n má tíì ròyìn rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Kó o wá lọ rà á. Pẹ̀lú ohun tí o kà sílẹ̀ yẹn, awọ ìgbà ogun ni, ti apá ìparí ogun, kì í ṣe ti 1940. £550 kò sì pọ̀ jù fún un. Fi àpò sílẹ̀. Fi síìpù sílẹ̀ bó bá ń ṣiṣẹ́. ADE yẹn, má fi ohunkóhun nù ún, nítorí ohun tó bá lè ká ọ̀dà kúrò á ká awọ̀ ojú awọ kúrò pẹ̀lú. Kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan, kí ìwé náà máa bá a gbé: ibi tí o ti rà á, iye tí o rà á, pé ọ̀dà náà wọ inú ojú sísán, pé ẹ̀yìn ogun ni wọ́n kọ ọ́.

Má gbé e tààrà sínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ. Ẹyin òólá lè wà nínú irun yẹn, ó sì lè tàn dé ara aṣọ òkè rẹ. Dì í sínú ọ̀rá tó nípọn, tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, gbé e sínú fírísà ní -18 °C fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Bó o bá gbé e jáde, má ṣí ọ̀rá náà títí di ọjọ́ kejì, kí omi tútù lè sẹ̀ sára ọ̀rá, kó má sẹ̀ sára awọ.